Àgbà Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn, Ọmọ Ọlọ́mọ Ló Rugbá

Àwọn baba wa ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Wọn ò tíì rí ilé-iṣẹ́ géèmù nígbà yẹn. Àgbà ayé òde òní á jẹun tán, á lé àwọn ọmọdé kúrò nídìí àwo, á tún pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n gbóòórùn ọbẹ̀. Bó bá wá di àtirelé, orí àwọn ọmọ yẹn kan náà ni igbá á wà.

Ẹ wo Sony, tó ṣe ẹ̀rọ géèmù PlayStation. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ Connectix gbé Virtual Game Station jáde, ètò kan tó ń jẹ́ kí géèmù PlayStation ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Macintosh. Emulator ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Kò jí géèmù ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe géèmù fún ṣe ń ṣe lòun náà ń ṣe. Sony pariwo olè, ó pe Connectix lẹ́jọ́. Ní 2000, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà ní kò sólè níbẹ̀: èèyàn lè tú ètò inú ẹ̀rọ wò kó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè ṣe tirẹ̀. Kí ni Sony ṣe? Ó ra Virtual Game Station, ó sì pa á tì. Bleem, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ta irú rẹ̀, jàre Sony nílé ẹjọ́ kan náà, àmọ́ owó lọ́yà ti gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ. Ní 2001, ẹni tó jàre kógbá sílé.

Ó di oṣù Kejìlá 2018. Sony gbé PlayStation Classic dé, ẹ̀rọ kékeré tó ní géèmù àtijọ́ 20 nínú, ní nǹkan bí 100 dọ́là. Kí ló ń gbé àwọn géèmù náà ṣiṣẹ́? PCSX ReARMed ni o, emulator tí àwọn èèyàn kọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì yọ̀ǹda fún gbogbo ayé. Sony kò rú òfin kankan níbẹ̀, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ojú ni kò kàn tì í.

Nintendo ní tiẹ̀ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igbá rárá. Oṣù Kejì 2024 ló pe àwọn tó ṣe Yuzu, emulator fún ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ tó ń jẹ́ Switch, lẹ́jọ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti gbà láti san mílíọ̀nù 2.4 dọ́là, wọ́n sì ti Yuzu pa, àti Citra, emulator wọn fún 3DS, ẹ̀rọ Nintendo mìíràn. Ọwọ́ àwọn Yuzu náà ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nintendo ní iye ìgbà tí àwọn èèyàn gba géèmù rẹ̀, Tears of the Kingdom, lọ́nà ẹ̀bùrú kó tó dé ọjà lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn Yuzu sì ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí òfin ṣe rí. Géèmù Switch wà lábẹ́ àgádágodo, òfin DMCA tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1998 sì ka jíjá àgádágodo bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹ lè ní emulator. Kí ẹ ṣáà má fi ṣí nǹkan kan! Lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn, lẹ́tà Nintendo kan ṣoṣo mú kí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, gbégi dínà ibi 8,535 tí wọ́n kó ẹ̀dà kóòdù Yuzu sí.

Bẹ́ẹ̀ a nílò emulator: ẹ̀rọ àtijọ́ ń bàjẹ́, àwọn tó ṣe é kò ṣe òmíràn mọ́. Àjọ Video Game History Foundation ṣèwádìí ní 2023, ó ní nínú 100 géèmù tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Nintendo ti ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra géèmù 3DS àti Wii U pa. Àwọn ilé ìkàwé wá bẹ ìjọba Amẹ́ríkà pé kó jẹ́ káwọn olùwádìí máa lo géèmù tí kò sí lọ́jà mọ́ láti ilé wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ìjọba kọ̀. Lára ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ẹnì kan lè lọ fi géèmù náà ṣeré.

Ẹ̀bẹ̀ tiwa ò pọ̀. Géèmù tí ẹ bá ṣì ń tà, ẹ máa tà á, a ó rà á. Èyí tí ẹ ò bá tà mọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé ìkàwé.