Rímù Tó Ń Ké Bí Ewúrẹ́

Wọ́n máa ń sọ pé kò sí ilé kan l'Ékìtì tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Nílé tiwa l'Ẹ̀rìjìyàn, kò sí ẹyọ kan, ni mo bá fi ara mi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n rímù. Ìmọ̀ tí mo fi joyè náà ò pọ̀. Mo mọ̀ pé Toyota Corolla ọdún 2005 mi, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ihò márùn-ún ni rímù rẹ̀ ní, àti pé bí a bá fa òbíríkítí gba àárín ihò márààrún, ìbú òbíríkítí náà á jẹ́ 100 mìlímítà. Ti Camry náà ní ihò márùn-ún, ṣùgbọ́n 114.3 ni tirẹ̀, kò lè wọ Corolla láéláé. Èyí ni mo fi ń kọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nídìí iyán, ẹran a sì máa tán mọ́ wọn lọ́wọ́ kí n tó dákẹ́.

Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń kọ ET síwájú rẹ̀ sẹ́yìn rímù.

Ẹni tí mo fẹ́ ra rímù alóì lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ékòó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ọ̀gá, ET mélòó lẹ fẹ́?” Ọ̀jọ̀gbọ́n ò lè béèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Èyí tó bá ń dán jù.” Ó wò mí díẹ̀, ó sì gbé èyí tó ń dán jù wá: fífẹ̀ rẹ̀ íǹṣì méje, ET20.

Nígbà tí mo kó wọn délé, fọ́kánáísà tó wà lójú ọ̀nà wa, ọmọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dojú rímù onírin tí mo bọ́ sílẹ̀ dé ilẹ̀, ó gbé igi gbọọrọ kan dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi téèpù wọn ibi tí igi wà dé ojú tó máa ń jókòó lé họ́ọ̀bù. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún tuntun náà. Ó mi orí. “Ẹ̀gbọ́n, èyí á yọ síta o.”

Mo ní, “Ẹwà rẹ̀ nìyẹn.”

Ohun tó ń wọ̀n ò ṣòro, agídí mi ló ṣòro. Ẹ ro pé ẹ fa ìlà kan pín fífẹ̀ rímù sí méjì ọgbọọgba. Ojú tó ń jókòó lé họ́ọ̀bù kì í sábà wà lórí ìlà yẹn. Lára ọkọ̀ bíi tèmi, ó máa ń sún sí ọ̀nà ìta. Iye mìlímítà tó fi sún ni ET. Bó bá ti pọ̀ tó ni rímù ń wọnú tó lọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀kù, bó bá sì ti kéré tó ni táyà ń yọ síta tó. Rímù tí mo bọ́ jẹ́ íǹṣì mẹ́fà, ET45. Ti tuntun dín ní mìlímítà 25, fífẹ̀ rẹ̀ sì fi íǹṣì kan lé, tí ìdajì rẹ̀ tún bọ́ síta. Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ sẹ̀ntímítà mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Táyà mi jáde kúrò lábẹ́ fẹ́ńdà, ó ń wo àwọn èrò ọ̀nà.

Nígbà tí èmi nìkan ń wà á kiri àdúgbò, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí a lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìkọ́gòsí ni àṣírí tú. Màmá jókòó síwájú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta wà lẹ́yìn, wọn kì í sì í ṣe ènìyàn tín-ín-rín. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀. Bí a ti bọ́ sí kòtò àkọ́kọ́, etí fẹ́ńdà ha táyà: mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Kòtò kejì, mẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Màmá Àgbà, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, ní, “Ọmọ mi, ewúrẹ́ ta lo dì sí búùtù?”

“Ẹ má bínú mà, kò sí ewúrẹ́ kankan.”

“Tú u sílẹ̀, kò rí èémí mí.”

Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí búùtù fún wọn wò. Wọ́n wò ó títí. Ìkan nínú wọn bá ní, “Ó ti sá lọ.” Títí di òní, wọ́n gbà pé ẹran ìyàwó ni mo sọ nù lójú ọ̀nà.

Sítíárìn náà ò jẹ́ kí n sinmi. Táyà tó bá ti jìnnà síta bẹ́ẹ̀, kòtò kékeré ló máa ń fi já a gbà lọ́wọ́ awakọ̀, béárìngì inú họ́ọ̀bù á sì máa ru ẹrù tí wọn ò ṣe é fún. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní spésà, tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù láti tún ọ̀rọ̀ ET ṣe. Mi ò béèrè ẹ̀gbẹ́ wo ló ń tún un ṣe sí. Mo ra oní-mìlímítà 15. Fọ́kánáísà gbà á, ó yí i lọ́wọ́, ó sì wá táyà jókòó lé kó tó lè rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí ń tì í síta ni o. ET5 lẹ máa bá ara yín.” Mo ní kó ṣáà dè é. Ó kọ̀, ó fi hàn mí pé bóòtù ò ní gùn tó mọ́ láti di nọ́ọ̀tì mú, pé rímù lè ré ṣíwájú wa dé Àrámọkọ.

Mo tọ Màmá lọ fún rímù onírin mi. Ọ̀kan wà lábẹ́ ìkòkò omi, adìyẹ ń yé sínú òmíràn, ẹ̀kẹta wà lábẹ́ gàrawà, ẹ̀kẹrin ti di àdógán. Màmá ò fi ọ̀kankan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: owó sítóòfù onígáàsì ni mo fi ra rímù ara mi padà. Èyí tó ti jẹ iná, fọ́kánáísà ní kò gbọdọ̀ padà sójú ọ̀nà, tòkunbọ̀ ni mo fi dípò rẹ̀.

Mo wá polówó alóì náà. Ọmọdékùnrin kan wá wò ó, ó dojú ọ̀kan délẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó kí mi pé ẹ kúulé, ó sì lọ. Màmá gbọ́ pé wọn ò rà á, ó ní kí n mú ọ̀kan wá, pé àwọn ihò rẹ̀ á jẹ́ kí iná rí atẹ́gùn. Inú mi dùn pé mo tún rí nǹkan kọ́ ẹnìkan. Mo ṣàlàyé fún un pé álúmíníọ̀mù ni, pé ó ń yọ́ ní bíi 660 dígírì, pé ẹyin iná igi lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbọ́ mi jẹ́ẹ́ títí mo fi parí.

“Kò ṣe é wà, kò ṣe é dáná. Ó dáa, èló lo rà á?”