Ọjọ́ Orí Ilé, Ọjọ́ Orí Ọ́fíìsì

Ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni. Òfin náà dára, àmọ́ òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọjọ́ orí méjì. Bàbá tó ti rí ọmọ-ọmọ lè ṣì jẹ́ ẹni ọdún 54 nínú fáìlì, kí ìwé ìbúra kóòtù sì máa jẹ́rìí sí i. Àbúrò rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, òun ṣì ń retí ìgbéga.

Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ aládàáni kò tilẹ̀ ní sùúrù dé 60. Ẹni tí kò ju ọdún 26 lọ ni wọ́n ń wá, kó sì ní ìrírí ọdún mẹ́wàá. Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni? Ṣùgbọ́n tí jẹnẹrétọ̀ bá takú, Bàbá tí wọ́n ní kó lọ sinmi náà ni wọn yóò tún pè.

Gbèdéke 60 yìí kò sì kan gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba: òfin ọdún 2022 fún olùkọ́ láyè dé 65. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ìjọba ń lò ó dé 70. Ti Ààrẹ kò ní gbèdéke: orí àléfà ni Buhari ti pé ẹni 80 ọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹ yé dààmú akọ̀wé kóòtù. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ òṣèlú.