Ọ̀gá Ò Sí Lórí Àga

Lọ́jọ́ tí òǹkọ̀wé yín kọ́kọ́ lọ ṣe kíliaránsì ní yunifásítì, láti Ìkìrun ló ti ń sọ Òyìnbó. Ó ti há gbólóhùn kan sórí, ó sì ń tún un sọ lábẹ́ ètè nínú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń gba Ìnísà kọjá: “Good morning sir. Please sir, I am a new student.” Ojú rẹ̀ dì pa, ó dorí kodò. Ìyá aláta tó jókòó tì í wò ó títí, àánú rẹ̀ ṣe é. Nígbà tí “please” náà wá pọ̀, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣe àmín. Kí wọ́n tó dé Òkukù, níbi tó ti máa wọ ọkọ̀ mìíràn, àwọn èrò ẹ̀yìn náà ti ń dáhùn.

Ẹ má bi í pé yunifásítì wo ni o. Ó ṣì fẹ́ gba transcript níbẹ̀.

Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Nínú ìbéèrè 180 tí JAMB máa ń bi ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì, 60 ló jẹ́ ti Use of English, kò sì sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ iṣẹ́ lọ́yà tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fẹ́ kọ́. Òǹkọ̀wé yín ṣe dáadáa níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá sẹ́kítárì sọ̀rọ̀ ni kò mọ̀.

Ọkùnrin kan tó so táì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ka àkọ́sórí rẹ̀ láìmí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní: “Brọ̀dá, jambite lèmi náà. Ìlà rèé, ẹ tò sẹ́yìn mi.”

Nígbà tó kàn án, ó ní HOD, ìyẹn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, lòun fẹ́ rí. Sẹ́kítárì ò tiẹ̀ gbójú sókè: “HOD is not on seat.” Ìlẹ̀kùn inú ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Òǹkọ̀wé yín yọjú wò ó, ó rí àga ńlá tí wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì bò lẹ́yìn, lóòótọ́ kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Ó bá fi Òyìnbó tó mọ́ tónítóní dáhùn pé kò burú, òun á dúró títí wọ́n á fi jókòó. Ẹ̀rín bẹ́ láti iwájú ìlà títí dé ẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tó bá ti dé ọ́fíìsì ìjọba rí ló mọ̀ pé ẹni tí kò “on seat” lè ti dé Òṣogbo.

Àṣé obìnrin ni HOD. Nígbà tí wọ́n dé, “sir” ni òǹkọ̀wé yín ń pè wọ́n títí wọ́n fi fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó fún un ní fọ́ọ̀mù. Ó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún sẹ́kítárì, ó ní: “They gave me, sir.” Wọ́n ní àwọn wo? Ó nawọ́ sí obìnrin kan ṣoṣo.

Ẹnu àwọn tó ń sọ èdè la ti ń kọ́ ọ. Òkukù tí òǹkọ̀wé yín ti wọ ọkọ̀ mìíràn yẹn náà ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá gbé láàárín àwọn ọdún 1970 láti ṣèwádìí oríkì. Kì í ṣe inú ìwé gírámà nìkan ló ti kọ́ Yorùbá. Ó ń wọ agbo ilé lọ gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú, ó sì bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré orí ìtàgé. Nígbà tó yá, Yorùbá ló fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí oríkì Òkukù, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní 1991. Ní ti òǹkọ̀wé yín, kó tó di ọjọ́ kíliaránsì yẹn, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ Òyìnbó rí àfi tíṣà.

Àwọn ọmọ yàrá rẹ̀ ló gbà á. Lálẹ́, ọ̀kan á fa tábìlì síwájú, á lejú koko, á di sẹ́kítárì. Ibẹ̀ ló ti kọ́ “When will she be back, please?” Ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ pé carry-over ni kọ́ọ̀sì tí èèyàn fìdí rẹmi nínú rẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, àmọ́ ó ti kí ẹnì kan kú oríire rẹ̀ kó tó gbọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wọlé lọ́dún yìí, ì báà jẹ́ ọgbà Òkukù ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, tàbí ibòmíràn, ẹ wá ẹni tó ti wà níbẹ̀ ládùúgbò kó máa ṣe sẹ́kítárì fún un nírọ̀lẹ́. Kó tó kúrò nílé, kó ti béèrè bóyá ọkùnrin ni HOD àbí obìnrin.