Lórí Ọ̀rọ̀ Òtútù, Mo Jẹ̀bi

Kí ẹnikẹ́ni tó pè mí lẹ́jọ́, mo ti gbà pé mo jẹ̀bi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sí Ìpọ̀nrí ní Èkó níbí, tí mo ń dá sí ọ̀rọ̀ òtútù àwọn ará òkè òkun, tí mo sì ń fi òṣùwọ̀n ìlú mi wọn ìlú onílùú. Bí wọ́n bá ní yìnyín ń bọ́ ní Houston ní Amẹ́ríkà, yìnyín tiwa ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: èyí tó máa ń bá òjò oṣù Kẹta wá, tó ń lu páànù bí ẹni da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà sínú abọ́ kí wọ́n tó jù ú sẹ́nu. Ohun ìgbádùn ni! Kí ló wá dé tí àgbàlagbà ń tìtorí rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́rí? N kò ronú pé orúkọ kan ni à ń fi pe nǹkan méjì. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti rí i tipẹ́, wọ́n sì ya “òjò dídì” sọ́tọ̀ fún èyí tó ń bọ́ jẹ́ẹ́ láìdún. Láti ẹnu ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e tún burú jù. Bí ọyẹ́ bá dé Èkó, ẹ wo ọjà Ìpọ̀nrí ní ìdájí: aláàkàrà wọ súwẹ́tà, ó fi ìborùn di etí, ó ki ẹsẹ̀ onísọ́ọ̀kì bọ sílípáàsì, bẹ́ẹ̀ dígírì 22 ni fóònù ń sọ. Ará Jos, tí ìlú rẹ̀ ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200, á máa fi í rẹ́rìn-ín. Ará London á fi ará Jos rẹ́rìn-ín. Ará Winnipeg ní Kánádà, tí dígírì 30 sísàlẹ̀ òdo kì í ṣe ìròyìn lójú rẹ̀, á fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àárín ìlà ni èmi dúró sí, tí mo ń fi iwájú àti ẹ̀yìn ṣe yẹ̀yẹ́: mo ní tiwa ni òtútù gidi, kí wọ́n lè káàánú mi; mo ní tiwọn ni àṣejù. Bẹ́ẹ̀ aláàkàrà kò purọ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, gbígbẹ ló gbẹ, ó ń fa omi ara jáde, ètè á là, gìgísẹ̀ á sán. Ara tó ti mọ́ dígírì 30 lọ́sàn-án kò lè ṣàì gbọ̀n.

Ooru náà kò jẹ́ kí n gbọ́n. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, òṣùwọ̀n dé dígírì 40.3 ní Coningsby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ kan ṣáájú, ojú ọ̀nà tí bàálù ń gbà ní Luton ti wú. Èmi ní kí ni ó burú níbẹ̀; ṣé ooru Maiduguri lásán? Ṣùgbọ́n irin ojú ọ̀nà rélùwéè wọn, dígírì 27 ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn bí ooru Èkó lásán. Bí oòrùn bá sì pa irin, ó lè fi dígírì 20 gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilé wọn pàápàá, kí ooru má baà jáde ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹnìkan á ní òtútù ni òtútù, ooru ni ooru, pé ní dígírì òdo ni omi ń dì níbi gbogbo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Winnipeg, páìpù omi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó jìn ju ìdúró èèyàn lọ. Ní Houston, àjà ilé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbà kọjá. Omi kan náà ni, òtútù kan náà ni, ilé ni kò rí bákan náà: ohun tí ìlú mọ̀ ló ń kọ́lé fún.

Ti Texas ló tú àṣírí mi. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù bo ìpínlẹ̀ náà látòkè délẹ̀, dé Houston tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí bí ẹni wà ní Ojúẹlẹ́gbà. Kànga gáàsì dì. Àwọn tó ń fi gáàsì ṣe iná kò rí gáàsì, àwọn tó ń fa gáàsì kò sì rí iná. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ní ìdájí ọjọ́ 15 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná lọ, ilé àti ìsọ̀ tó ju mílíọ̀nù 4 lọ sì wà nínú òkùnkùn. Mo rẹ́rìn-ín. Àìsí iná! Mọ́ńdè lásán ni ìyẹn jẹ́ ní Ìpọ̀nrí. N kò rò ó pé bí iná bá lọ níbí, a óò ṣí fèrèsé ni. Tiwọn lọ, páìpù bẹ́ láti àjà sórí bẹ́ẹ̀dì, òtútù sì wọlé pa èèyàn. Òkú 246 ni ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà kà. Àwọn kan dáná èédú nínú yàrá, àwọn kan jókòó sínú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ nínú gàráàjì, èéfín olóró tí imú kì í gbọ́ sì pa nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí àwa tí a ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ì bá kọ́ wọn nìyẹn, ẹ̀rín ni mo sì ń rín.

Wọ́n á bi mí pé: bó bá jẹ́ pé ohun tí ìlú mọ̀ ló ń kọ́lé fún, kí ló dé tí òjò ń gbá Èkó lọ? Ìbéèrè náà dùn mí, nítorí London ni mo máa ń pè ní ìlú òjò, bẹ́ẹ̀ òjò Èkó lọ́dún ju ìlọ́po méjì tiwọn lọ. Tiwọn kàn ń ṣẹ́ wẹliwẹli lemọ́lemọ́ ni. A mọ òjò, síbẹ̀ òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 gbá ilé àti ẹ̀mí lọ, nítorí a ti fi yanrìn dí àbàtà, ọ̀rá sì kún gọ́tà. Texas náà mọ̀. Òtútù ti fìyà jẹ wọ́n ní 1989 àti ní 2011, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ sì ti ní kí wọ́n dáàbò bo ẹ̀rọ wọn. Ọ̀pọ̀ kò náwó sí i. Mo ní láti tún ọ̀rọ̀ mi sọ: ohun tí ìlú ṣe tán láti náwó lé lórí ló ń kọ́lé fún. Níbẹ̀, ọmọ ìyá ni Houston àti Ìpọ̀nrí.

Bí ẹ bá ní èèyàn lọ́hùn-ún, tí òtútù bá tún dé, ẹ má bi í léèrè bí yìnyín ṣe rí. Ẹ bi í bóyá iná wà àti bóyá omi ń yọ, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé.