Irin Tí Wọ́n Ń Lù Lójú Kan

Àwọn àgbà Yorùbá sọ pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ẹni tó ń kọjá lẹ́nu àgbẹ̀dẹ kò ní ìdí láti yọjú bi alágbẹ̀dẹ léèrè, nítorí pé kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ́ tàbí àdá yóò ti jáde, òwe yóò sì ti ṣẹ. Àwọn alágbẹ̀dẹ òde òní, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lu sáfà lójú kan ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di òru ọjọ́ Àìkú, ni ó yẹ kí ará ìlú bi léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fà yọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti Ṣómólú àti Bàrígà ní ìlú Èkó ni ènìyàn ti ń wo iṣẹ́ wọn, ìdáhùn rẹ̀ lè máà dùn ún gbọ́.

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó dúró sójú kan láti máa dá àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn nígbà tí wọ́n bá wá nǹkan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí fóònù àti sáfà tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, fóònù ni yóò kọ́kọ́ kí sáfà, sáfà yóò jẹ́ ẹ, fóònù yóò sì tún fọhùn pé òun ti gbọ́, kí ọ̀rọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu rárá, torí a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ láìkí ara wa. Àsìkò tí ìkíni yìí gbà ni wọ́n ń pè ní àsìkò ìsopọ̀, mílísẹ́kọ́ǹdì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tí ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní sáfà púpọ̀ a máa ní ẹ̀rọ aṣọ́nà kan tí ń kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ń kọ iye àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dáhùn sílẹ̀, tí ó sì ń fi àwọ̀ sọ ìròyìn fún ọ̀gá: àwọ̀ ewé fún èyí tó yá, pupa fún èyí tí kò jẹ́ ìpè.

Ẹni tó rọ irinṣẹ́ tó lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí mọ ohun tó ń wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, Mike Muuss, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí kan tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Maryland, rí i pé nẹ́tíwọ̀kì wọn ń ṣe ségesège, ó sì jókòó kọ ètò kékeré kan tó pè ní ping, tó fi orúkọ ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi fi ń mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ sọ ọ́. Muuss fúnra rẹ̀ sọ nípa ẹnì kan tó mú kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa pariwo “ping” nígbàkúùgbà tí ìdáhùn bá dé, tó yí ohùn rẹ̀ sókè dáadáa, tó wá ń rìn káàkiri ilé-iṣẹ́, tó ń mi ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan, títí tó fi dé ìdí èyí tó mú kí ariwo náà dákẹ́. Irin ló lù lójú kan yẹn, wáyà tó bàjẹ́ ló sì fà yọ.

Àwọn tó jogún irinṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́? Àwọn kan nínú wọn gbé ẹ̀rọ aṣọ́nà sínú yàrá kan náà pẹ̀lú sáfà tó ń ṣọ́, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ kì í sì í sinmi, èkíní kí èkejì, èkejì dáhùn kí mílísẹ́kọ́ǹdì kan tó pé, wọ́n sì wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì yá. Ó yá lóòótọ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé inú yàrá náà.

Oní-POS tó jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá òpópónà Jagunmolu ní Bàrígà kò gbé ibẹ̀. Ẹ̀rọ POS méjì tàbí mẹ́ta ló wà lórí tábìlì rẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ó ti kọ́gbọ́n pé bí ọ̀kan bá kọ̀, òmíràn lè gbà. Bí oníbàárà bá ki káàdì bọ̀ ọ́, tí ojú ẹ̀rọ bá ń yí lásán, á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, á nà án síta kúrò lábẹ́ agboòrùn, á sì máa wo ojú rẹ̀ títí. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí báńkì ti yọ owó lọ́dọ̀ oníbàárà, kí ẹ̀rọ náà má sì sọ pé owó wọlé. “Wọ́n ti yọ ọ́ o!” ni ìyá oníbàárà yóò wí, tí yóò na fóònù síwájú. “Ẹ ṣe sùúrù, Mọ́mì, kò tí ì wọlé síbí ni, nẹ́tíwọ̀kì ló ń ṣe báyìí.” Kò sí mílísẹ́kọ́ǹdì nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Owó yẹn ti rin ìrìn àjò kí ó tó sọnù sójú ọ̀nà. Láti inú síìmù tó wà nínú ẹ̀rọ POS, ó gba òpó nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò kọjá sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ, ó dé ọ̀dọ̀ NIBSS, ìyẹn àjọ tó so gbogbo báńkì Nàìjíríà pọ̀, kí ó tó kan báńkì tó ni owó gan-an; ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ní sáfà tirẹ̀, ó sì ní aṣọ́nà tirẹ̀. Bí ibùdó bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé nínú ìgbà 100, òun ń ṣe é yanjú nígbà 99, ìgbà tí gbogbo wọn yóò jọ yanjú lè má ju nǹkan bí 95 lọ. Márùn-ún tó kù di ariwo ní Bàrígà, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan tó máa gbà pé tòun ni. Ibí yìí ni òwe alágbẹ̀dẹ ti ṣẹ lọ́nà tí àwọn àgbà kò rò: àwọn èèyàn wọ̀nyí ní ohun tí wọ́n fẹ́ fà yọ, àwíjàre ni. Ìwé tí ẹ̀rọ aṣọ́nà kọ ni wọ́n yóò tẹ́ síwájú ẹni tó bá fẹjọ́ sùn, wọn yóò ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ló ti bàjẹ́.

Ọgbọ́n ìṣirò wọn tún wà. Bí oníbàárà 95 bá gba ìdáhùn ní mílísẹ́kọ́ǹdì 40, tí àwọn márùn-ún yòókù dúró fún 4,000, aṣọ́nà yóò pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, yóò sì kéde 238, iye tí ẹnikẹ́ni nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò fojú rí. Àwọn tí kò rí ìdáhùn kankan rárá, tí dídúró sú ẹ̀rọ wọn tó fi já wọn, ni àwọn aṣọ́nà kan kì í kà mọ́ ọn, torí pé ẹni tí kò dé kò ní àsìkò tó fi dé; nípa bẹ́ẹ̀, bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń burú sí i ni ìwé ìròyìn rẹ̀ lè máa dára sí i.

Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, tí iṣẹ́ wọn kún òpópónà Shipeolu àti àyíká rẹ̀, tí wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìsìnkú àti pósítà ìbò, mọ ẹ̀yà mìíràn nínú àléébù yìí. Ìkíni kékeré tí ping ń rán kò wúwo, ó lè gba ibi tóóró kọjá kó sì dáhùn wéré, ṣùgbọ́n àwòrán ìwé ìgbéyàwó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́ yóò fi lẹ́, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ọmọṣẹ́ yóò fi jókòó lásán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ kúrò nílẹ̀, owó tuntun kò sì tó ó pín, títí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dá ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Gbogbo ìlú yí sí tráńsífà lẹ́ẹ̀kan náà, alátà kò jẹ́ kí oníbàárà gbé tòmátì kúrò lójú àtẹ àfi bí álẹ́ẹ̀tì bá wọlé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àsìkò ìsopọ̀ máa ń tanni jẹ jù lọ, nítorí pé iwájú sáfà ni ìkíni ti ń parí, ìwé àkọsílẹ̀ owó sì wà lẹ́yìn, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè lè ti tò sílẹ̀ láìsí ẹni tó dá wọn lóhùn. Ẹ̀rọ aṣọ́nà yóò kí sáfà, sáfà yóò jẹ́ ẹ, àwọ̀ ewé yóò sì tàn.

Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Láti ọdún 2006 ni IXPN, ibùdó tí àwọn nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà ti ń pàdé, ti wà kí ọ̀rọ̀ tí ará Nàìjíríà ń bá ará Nàìjíríà sọ má baà máa gba òkè òkun lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ àwọn báńkì kan dẹnu kọlẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí pé ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wà lókè òkun. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn ń sáré nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn MainOne tó lọ sí ilẹ̀ Pọtogí tó nǹkan bí kìlómítà 7,000, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò sì lè dín ní mílísẹ́kọ́ǹdì 70. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń yọ̀ pé òun rẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì méjì kúrò lára ohun tó lé lórí 70 yìí, tí owó kò sì lè kúrò ní Bàrígà dé Ṣómólú, òkun ló ń wọ̀n.

Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kó ra fóònù olówó pọ́ọ́kú méjì, kó ki síìmù bọ̀ wọ́n, kó gbé ọ̀kan fún oní-POS ní Bàrígà, kó gbé èkejì fún atẹ̀wé ní Ṣómólú, kó jẹ́ kí wọ́n máa rán ₦50 sí ara wọn láti àárọ̀ di alẹ́, kó kọ èyí tó dé àti èyí tí kò dé sílẹ̀, kó sì máa san owó iná àti dátà fún àwọn tó bá a tọ́jú wọn.