Ọmọ Tó Dé Oko Gbogbo Ayé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Òwe náà bá ìgbà tiwọn mu. Nígbà náà, kò sọ́mọ tí kò mọ oko bàbá ara rẹ̀: ibẹ̀ ló ti ń kọ ebè, ibẹ̀ ló ti ń lé ẹyẹ, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹ iṣu sísun. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ìgbéraga rẹ̀. Ká ní wọ́n mọ̀ pé irú ọmọ tiwa yìí ń bọ̀ ni, wọn ì bá yí òwe náà padà. Ọmọ ìwòyí ti rin oko bàbá gbogbo ayé já. Ti bàbá tirẹ̀ gan-an ni kò mọ̀nà.

Irú rẹ̀ pọ̀ ní Ọ̀mù-Àrán, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Kwara. Mi ò bá ẹnì kan pàtó wí o, kí ìyá ẹnikẹ́ni má wá ká mi mọ́lé. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Wọ́n mú un fún ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, pé kó lọ lo sáà ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó sì padà wálé. Oṣù bíi mẹ́rin péré ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá rí ìpalẹ̀mọ́ á rò pé wọ́n fẹ́ fi í jọba ni. Wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó jẹ́ Alhaja náà ní kí àwọn aáfà ṣàdúà, torí a kì í mọ ẹnu ẹni tí yóò ṣẹ. Wọ́n dá aṣọ ẹbí. Fọ́tò rẹ̀ wà lórí fóònù tẹbí-tará, ó di ọwọ́ méjèèjì lórí àyà, àsíá Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ lẹ́bàá etí rẹ̀. Owó físà àti owó ọkọ̀ òfúrufú ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ta oko káṣú.

Ẹ tún un kà. Ó ta oko kí ọmọ lè lọ wo oko bàbá ẹlòmíràn.

Ọmọ dé òhún, ó ń ya fọ́tò. Ó ya tòun ti bọ́ọ̀sì pupa, ó ya tòun ti yìnyín. Ó dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dúró ti orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, ó ṣe ètè ṣùù, ó yà á. Gbogbo ilé kí i kú oríire. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni orí náà ń wá lọ́hùn-ún.

Kíláàsì ni àṣírí ti tú. Olùkọ́ ní kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa ohun àtijọ́ kan tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin ará Póláǹdì sọ ti Wieliczka, ihò tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń wa iyọ̀, ó sọ ọ́ dé ibi tí wọ́n gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí nínú iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ó kan tiwa. Ó wúkọ́. Ó ní ní ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Olùkọ́, ẹni pẹ̀lẹ́, wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, “O ní Kwara ni o ti wá. Ṣé Ẹ̀sìẹ́ jìnnà sí yín ni?” Ọmọ wa ní rárá, kò jìnnà, ọkọ̀ máa ń gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá.

Ọkọ̀ máa ń gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá! Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló jókòó síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, òmíràn mú idà dání, òmíràn mú ohun èlò orin, irun dídì wọn ṣì hàn lórí òkúta. Ramshaw, òyìnbó tó ń bẹ ilé ìwé ìjọ CMS wò, kéde wọn fún ayé ní 1933. Ní 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dìde níbẹ̀, àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ti Jos kò tíì sí nígbà náà. Ti Èkó kò tíì sí. Ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, wá jókòó ti àwọn ère wọ̀nyí, ó kọ ìwé ńlá lé wọn lórí, ìwé náà sì jáde ní 1978. Ọmọ Amẹ́ríkà mọ oko bàbá wa ní ebè-ebè. Ìtàn kan tí àwọn àgbà Ẹ̀sìẹ́ ń pa ni pé àlejò ni àwọn ère náà, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n sì di òkúta. Èmi ò tíì mọ èyí tó burú jù nínú àlejò tó di òkúta nílẹ̀ wa àti ọmọ wa tó di òkúta ní kíláàsì nílẹ̀ àlejò.

Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ nìkan. Ìjọba gan-an ní tirẹ̀. Láyé àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá ń ka èdè Faransé gbọ́dọ̀ lọ gbé láàárín àwọn tó ń sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ní Faransé tàbí ní Tógò. Náírà wá dákú, owó tí wọ́n fi ń rán wọn lọ gbẹ. Ní 1991, wọ́n dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, ní Badagry: bí o kò bá rí owó lọ sí Faransé, àwa á gbé Faransé wá bá ọ. Ọmọ Ìgbómìnà tó ń ka Faransé a wọ mọ́tò ní Ìlọrin, a la Ìbàdàn kọjá, a há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, a sì dé òkè òkun láì fẹsẹ̀ kan omi. Wọ́n sọ ẹ̀yìnkùlé di oko bàbá ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ tí a fi ń wọ orílẹ̀-èdè Benin kò jìnnà sí wọn níbẹ̀, ọlọ́kadà òdìkejì sì ń sọ Faransé láti òwúrọ̀ di alẹ́ láì gba owó ilé ìwé. Síbẹ̀, mi ò lè bú wọn tán. Ọgbọ́n tálákà ni, àwọn ọmọ náà sì ń kọ́ nǹkan bọ̀. Ọmọ tó padà láti Àjárá ṣì mọ̀ pé Badagry lòun lọ.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ló le. Sáà kan péré, ó dé, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ní, “Ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?” ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tún un sọ. Ó ní ooru ìlú “yín” yìí pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kó ìlú náà fún wa? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti wá sí Yunifásítì Ìbàdàn wá kọ́ Yorùbá, wọ́n kúnlẹ̀ kí àgbà, wọ́n ná ata ní Bódìjà. Ètò Fulbright ti ìjọba Amẹ́ríkà sì ti kó àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ wa lọ sí Amẹ́ríkà lọ kọ́ wọn ní Yorùbá fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Bí ọmọ wa bá pàdé ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó wọ̀nyí, òyìnbó á kí i, “Ẹ kú ìrìn o.” Òun á ní “Hi”.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ìrìn-àjò dára, ẹni tó bá rí àǹfààní rẹ̀ kó di ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ síbi pàṣípààrọ̀ lọ́wọ́ òfo, olè tàbí alágbe ni ará ibẹ̀ máa pè é. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ lọ ní sáà tó ń bọ̀, ẹ má tíì ta oko káṣú. Ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ lówó mọ́tò lọ sí Ẹ̀sìẹ́ ní Sátidé kan. Kó wo àwọn ère náà dáadáa, kó jókòó ti àwọn àgbà ìlú, kó gbọ́ ìtàn, kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Wọn kì í béèrè físà lẹ́nu ọ̀nà.