Oríkì Àna Lẹ́yìn Ẹ̀wù Wa

Àwọn àgbà ilé wa kò rán mi níṣẹ́ o. Èmi ni mo dìde níbi ìpàdé ẹbí n'Íbàdàn, tí mo ní ó yẹ ká kọ ìtàn ilé wa sílẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán nílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mi ò mọ̀ pé eré ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń retí.

Ọjọ́ orí bàbá-ńlá mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n bí i nígbà ogun Kírìjì," ìyẹn nìkan ni gbogbo wọn mọ̀. Ó tó, àbí? Mo kọ 1877. Lóòótọ́, 1877 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, àwọn jagunjagun kò sì kúrò ní ibùdó títí di 1893. Nínú gbogbo ọdún tó wà nílẹ̀ yìí, èyí tó sọ bàbá di ẹ̀gbọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo mú, torí ọdún ogun Jálumi, 1878, ni wọ́n bí ìyẹn.

Mo gbé ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Ojú ìwé náà ti rí màbo: ọkùnrin náà parí rẹ̀ ní 1897, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, òǹkọ̀wé kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò kó tó jáde ní 1921. Èmi ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Mo rí balógun kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ jọ ti bàbá tó bí bàbá-ńlá mi, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí Ìyá Àgbà ní àgbàdo ló ń rù tẹ̀lé ogun, mo fi jẹ balógun lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Nígbà tó yá, mo rí i pé ìyàwó ilé kan bímọ fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ara mi bù máṣọ. Mo pe àǹtí mi, mo ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bíi olè.

"Òpònú," àǹtí ní, "ọkọ rẹ̀ kú, àbúrò ọkọ ṣú u lópó. Kí lo wá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí?"

Kò yẹ kí n tún bá iṣẹ́ náà lọ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gba ohùn Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, sórí fóònù láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, orógbó ń bẹ lẹ́nu, ó ń kì, ó ń ki Oníkòyí, ogun lọ́tùn-ún, ogun lósì, títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó kúkú bá balógun mi mu! Mo tẹ tí-ṣẹ́ẹ̀tì fún tọmọdé tàgbà, mo kọ "Ọmọ Oníkòyí" gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbogbo wa wọ̀ ọ́. Olórí ẹbí na tirẹ̀ síwájú, ó kà á, ó yí i, ó tún un kà.

"Ta ló kú nílé àna wa," ó ní, "tí a fi wọ aṣọ ẹbí wọn?"

Òpómúléró ni wá, ìdílé tí oríkì rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ aṣọ, mo wá lọ wọ aṣọ ilé onílé sí wa lọ́rùn. Ìyàwó ilé tó ń ki ọkọ rẹ̀ lójú agbo kò torí ẹ̀ gbàgbé bàbá tó bí i. Mo yíjú sí Ìyá Àgbà.

"Bàbá mi ni mò ń kì," ó ní. "Ṣé o bi mí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi jóná nídìí ààrò. Àwọn kan bọ́ tiwọn síta, àwọn kan yí i sódì. Ìyá Àgbà nìkan ni kò bọ́ tirẹ̀. Ó ní kí n kó èyí tó ṣẹ́kù lọ fún àwọn ará ilé òun, kí n sì wá èyí tó fẹ̀ dáadáa nínú rẹ̀, torí àbúrò òun sanra.